Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Rí Inú Èkùrọ́: Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Òṣogbo tó sì forí lé ọ̀nà Ọ̀fà yóò kọ́kọ́ kan Ìkìrun, yóò gba Ìnísà kọjá, kí ó tó dé Òkukù. Lójú ọ̀nà yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, pátákó tó ń polówó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n: ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà, ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, ẹ wá gba ìwé ẹ̀rí láàárín oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti ibẹ̀ rí oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kì í kọjá èèpo. Ọmọ tó bá parí rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí ó tẹ̀. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn tí ó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá dákú mọ́ ọn lọ́wọ́, oògùn kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kí ó pa á, kí ó sì tún un tàn.

Ọjọ́ kan wà tí oògùn yìí kò ran ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gbogbo àgbáyé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024, kọ̀ǹpútà tí iye wọn tó mílíọ̀nù 8.5, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ilé-iṣẹ́ Microsoft, dákú. Ojú wọn di búlúù, bí wọ́n sì ti ń jí ni wọ́n tún ń kú. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta ti Amẹ́ríkà fagi lé nǹkan bí ìrìnàjò 7,000 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ dókítà ní Ìlú Ọba kò rí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wọn ṣí. Tẹlifíṣọ̀n Sky News dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe olè ló wọlé. Ilé-iṣẹ́ CrowdStrike, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa lé olè kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ló fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Fáìlì náà mú kí ètò wọn máa retí nǹkan 21, bẹ́ẹ̀ 20 péré ni wọ́n kó fún un. Ó nawọ́ sí ìkọkànlélógún tí kò sí níbẹ̀, ó sì fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn. Ìṣẹ́jú 78 ni fáìlì náà lò kí wọ́n tó fà á padà. Nígbà yẹn, ẹ̀pà ò bóró mọ́.

Àṣìṣe irú èyí kì í ṣe tuntun. Lójoojúmọ́ ni áàpù ń fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ lórí fóònù àwọn ènìyàn ní ọjà Ìkìrun. Ohun tí oní fóònù máa ń rí ni pé áàpù náà kàn pa dé lójijì. Yóò pòṣé, yóò sì tún un ṣí. Fóònù kò kú, ìpè kò já, owó kò sọnù. Kí ló wá dé tí àṣìṣe kan náà fi pa odindi kọ̀ǹpútà ní pápákọ̀ òfurufú? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú ẹ̀kọ́ tí àwọn pátákó ojú ọ̀nà kì í dárúkọ.

Àwọn ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kò gbé ojú kan náà. Èyí tó pọ̀ jù ń gbé ìta: WhatsApp, áàpù báńkì, ètò tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà. Ọ̀kan wà tó ń gbé inú. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fi ń pe èkùrọ́, kernel, ni wọ́n fi pe èyí tó ń gbé inú yìí, kò sì sí ohun tó burú bí Yorùbá náà bá pè é ní èkùrọ́. Bí ènìyàn bá bó ara ẹyìn tán tó sì fọ́ èèpo líle rẹ̀, òun ló bá nínú. Èkùrọ́ nìkan ló láṣẹ láti bá ojú fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ibi ìpamọ́ àti bátìrì sọ̀rọ̀ tààrà. Òun náà ló ń pín àyè fún àwọn ètò ìta, tí ó sì ń rí i pé ọ̀kan kò wo àpò èkejì. Kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí ló ń mú kí àwọn ará ìta bọ̀wọ̀ fún ààlà yìí. Ọpọlọ ẹ̀rọ gan-an, ìyẹn ẹyọ kékeré tó ń ṣe ìṣirò, ni wọ́n kọ́ lọ́nà tí kò fi ní gbà fún wọn.

Nítorí náà, bí áàpù báńkì bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò lè rán an fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ó bẹ èkùrọ́ pé kí ó bá òun ṣe é. Ẹnu ọ̀nà yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní trap, pàkúté. Orúkọ náà le létí, kò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu tán, nítorí kì í pa ẹni tó bá dé ibẹ̀. Ààfin ló jọ jù. Kò sí àlejò tí í wọ ààfin Olókukù tí í ṣí yàrá ọba fúnra rẹ̀. Yóò dúró, ẹmẹsẹ̀ yóò béèrè ohun tó bá wá, wọn yóò sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún un bí ó bá tọ́. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń mú arúfin gbà: áàpù tó bá nawọ́ sí àyè ẹlòmíràn, pàkúté yóò gbé e dé iwájú èkùrọ́, èkùrọ́ yóò sì dá ẹjọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí áàpù pa dé lójijì.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn láti òde láìjẹ́ pé áàpù kankan pè wọ́n. Bí ìka bá kan ojú fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí aago inú ẹ̀rọ bá lù, ọpọlọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ kí ó dá wọn lóhùn. Èyí ni ìjálù, bí ènìyàn ṣe ń já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ó lè dà bí ìwà àìmọ̀wàáhù, bẹ́ẹ̀ òun ló mú kí ẹ̀rọ wúlò. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, wọ́n to aago náà láti lù ní ìgbà 250 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀. Bí kò bá sí aago yìí ni, áàpù kan tó bá di aláìgbọ́ràn yóò gba ọpọlọ ẹ̀rọ mọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ibì kan bá wà tí kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìjálù fún ènìyàn, Òkukù ni. Karin Barber gbé ìlú náà ní àwọn ọdún 1970, ìwé tó kọ lórí oríkì ibẹ̀ jáde ní 1991, àwọn tó mọ ìlú náà sì mọ bí àwọn obìnrin tó ń ki oríkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà lè wà ní àárín oríkì ilé kan kí àlejò pàtàkì wọlé. Kò ní dúró kí ó parí. Yóò fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, yóò yíjú sí àlejò, yóò ki í ní oríkì ìran rẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi wú, yóò sì padà sí ibi tó ti ń bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àlejò ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí obìnrin náà gbàgbé ibi tó dé.

Ibi tí iṣẹ́ èkùrọ́ ti le gan-an nìyí, nítorí ọpọlọ ẹ̀rọ kò ní iyè obìnrin Òkukù. Àwọn àpò kéékèèké ló fi ń ṣiṣẹ́. Lórí irú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní RISC-V, àpò náà jẹ́ 32, ọ̀kan nínú wọn kò sì mọ̀ ju òdo lọ. Bí ìjálù bá dé, ọpọlọ fúnra rẹ̀ yóò kọ ohun méjì pàtàkì sílẹ̀: ibi tó dé lẹ́nu iṣẹ́, àti ìdí tí wọ́n fi dá a dúró. Yóò wá fò lọ sí ojú kan tí èkùrọ́ ti yàn sílẹ̀ ṣáájú. Ìyókù di ti èkùrọ́. Àpò 31 tó kù, ó gbọ́dọ̀ da ohun tó wà nínú wọn sí ibi ìpamọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà bí ó ti bá a nígbà tó bá ṣe tán. Bí ó bá gbàgbé ẹyọ kan, áàpù tó ń ṣírò owó yóò jí, yóò bá iye mìíràn lọ́wọ́ ara rẹ̀, yóò sì máa bá ìṣirò lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò ní mọ̀ láé pé wọ́n dá òun dúró rí.

Ìṣòro kékeré kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Kí èkùrọ́ tó lè da àpò sílẹ̀, ó nílò àpò kan tó ṣófo láti fi di ibi tí yóò dà wọ́n sí mú, bẹ́ẹ̀ gbogbo àpò ló kún. Ó dà bí ẹni tó gbé ẹrù dání lọ́wọ́ méjèèjì tí ó sì fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó ṣe RISC-V mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi àpò ìkọ̀kọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn ará ìta kò lè fọwọ́ kàn, fún ìdí yìí gan-an. Ọmọ tó bá lóye ìdí tí àpò ìkọ̀kọ̀ yẹn fi wà ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà kò mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje 2024 wá yé ènìyàn báyìí. Ètò CrowdStrike kì í gbé ìta. Nítorí iṣẹ́ ọdẹ tó ń ṣe, wọ́n ti gbà á láàyè kí ó máa gbé inú èkùrọ́ Windows. Nígbà tí ó nawọ́ sí ibi tí kò yẹ, pàkúté mú un bí ó ṣe ń mú gbogbo ètò. Lórí ọpọlọ tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe, irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí ní nọ́ńbà tirẹ̀, 14, nínú tábìlì tó ní ojú 256. Ṣùgbọ́n inú ààfin ni wọ́n ti mú arúfin. Èkùrọ́ kò lè lé e síta kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó ti bàjẹ́ nínú ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe Windows ti pinnu tipẹ́ pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ dúró ju kí fáìlì àwọn ènìyàn bàjẹ́ lọ. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni alábàákú èkùrọ́: gbogbo áàpù tó gbọ́kàn lé e bá a lọ. Bí ẹ̀rọ bá sì jí, ètò kan náà yóò tún wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jí, yóò tún ṣe ohun kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti lọ bá kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọwọ́ pa fáìlì náà rẹ́.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Kọ̀ǹpútà Apple kò fara gbá nínú ìjàǹbá náà, ọdún mélòó kan ṣáájú sì ni Apple ti ń ti ètò àwọn àjèjì kúrò nínú èkùrọ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Linux ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń yẹ kóòdù àlejò wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ nínú ilé. Microsoft fúnra rẹ̀ kéde ní oṣù Kọkànlá 2024 pé òun yóò wá ọ̀nà tí àwọn ètò ààbò yóò fi lè ṣiṣẹ́ láti ìta. Ta ni kí wọ́n gbà sí inú èkùrọ́, ta ni kí wọ́n ní kó dúró síta? Ọ̀rọ̀ ìjọba ni ìbéèrè yìí, kì í ṣe ti onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ìdáhùn rẹ̀ kan báńkì tó ń tọ́jú owó oníṣòwò Ìkìrun àti ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláboyún ní Ìnísà. Níbi tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀, ẹni tó lè bá wọn sọ ọ́ láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò pọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ kò sùn. Ètò 3MTT tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2023, tí wọ́n fi fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní ẹ̀ka 12. Ẹ̀kọ́ nípa ṣíṣe áàpù wà níbẹ̀, ti àwòrán wà níbẹ̀, ti ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ti àwọn ẹ̀rọ tó ń dá ronú náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀ka kankan fún èkùrọ́. Ó rọrùn láti mọ ìdí: ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù yóò tètè rí iṣẹ́, ìjọba sì fẹ́ nọ́ńbà tí yóò tètè kà. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó bá kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ìta, tí kò kọ́ ẹgbẹ̀rún kan ní iṣẹ́ inú, yóò máa ra ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí láé, yóò sì máa jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì láti gbọ́ pé ilé ti dà wó láti òkè òkun.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ìrántí tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2013, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, wàláà oní-Android tí wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò sí. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí owó tí wọ́n ná sí i, kò sì sí ìdí láti tún un jà níbí. Ohun tí kò sí ẹni tó jiyàn lé lórí, nítorí pé kò sí ẹni tó ronú kàn án, ni pé èkùrọ́ tó wà nínú gbogbo Android ni Linux, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí òfin rẹ̀ sì sọ pé ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọ gbé ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ dání lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, àwọn àgbà kò sì sọ fún wọn pé wọ́n lè wọlé.

Àwọn tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà náà jù ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kì í ṣe àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ni. Ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agbòjò tó ń fláàṣì fóònù tó ti dákú, èkùrọ́ tuntun wà lára ohun tó ń gbìn sínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ó mọ̀ pé bí fáìlì náà kò bá bá irú fóònù náà mu, fóònù kò ní jí mọ́. Ìmọ̀ ọwọ́ ni tirẹ̀, ìmọ̀ ìwé ni ó kù. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí kọ́kọ́ wá lọ.

Ìwé tí wọ́n máa lò sì wà nílẹ̀. Ní 2006, àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ṣe èkùrọ́ kékeré kan fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n pè é ní xv6. Linux ti ju ìlà kóòdù mílíọ̀nù 30 lọ, kò sí ẹ̀dá kan tó lè kà á tán. Xv6 kò tó ìlà 10,000, apá tó ń bójú tó pàkúté àti ìjálù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré. Ọ̀fẹ́ ni, ìwé àlàyé rẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá ti gbà á wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè dátà mọ́, lápútópù àlòkù sì lè gbé e.

Wọn yóò ní iná kò sí. Òótọ́ ni, iná kì í dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo eré bọ́ọ̀lù lórí fóònù ní Ìnísà ń rí ibi gba iná sí. Wọn yóò tún ní kò sí yunifásítì tó ń kọ́ni ní irú rẹ̀ ládùúgbò, pé ìmọ̀ ìṣàkóso àti okòwò ni iṣẹ́ ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní lápútópù, Òṣogbo tí olú-ilé yunifásítì náà wà kò sì jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni Ìrèé tí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe wà. Olùkọ́ kan tó bá ń wá ní ọjọ́ Sátidé tó láti bẹ̀rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti èdè. Wọ́n ní Yorùbá kò lè gbé irú ìmọ̀ yìí. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, tó fi mọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn, kódà nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá gbọ́ pé ẹnì kan já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó sì padà sí ibi tó dé ti gbọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan yóò há a sórí fún ìdánwò, yóò sì gbàgbé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí olùkọ́ ṣí fáìlì tí àwọn ìlà 31 wà, èyí tó ń da àpò sí ibi ìpamọ́ nígbà tí pàkúté bá mú ètò kan. Kí ó ní kí ọmọ kan yan ìlà kan tó bá wù ú, kí ó pa á rẹ́, kí ó tún èkùrọ́ kọ́, kí ó sì ní kí ètò kékeré kan ṣírò àròpọ̀ nọ́ńbà láti 1 dé mílíọ̀nù kan. Bóyá ètò náà yóò ṣubú, bóyá yóò mú iye tí kò tọ́ jáde, bóyá yóò sì ṣe dáadáa ní ìgbà mẹ́ta kí ó tó ṣì í ní ìkẹrin. Kí wọ́n wá dá ìlà náà padà, kí wọ́n tún un ṣe.